Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ àti Testosterone: Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀dọ́mọkùnrin Mọ̀ Kó Tó Ra Oògùn

Mo tún ti dé láti Adégbayì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ètò náà nínú ọkọ̀, tàbí tí data yín kò gbé e, ohun tí mo sọ rèé ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ rọra kà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọkùnrin tó ń bàlágà nílé.

Ọ̀rọ̀ testosterone ló pọ̀ jù nínú àwọn ohùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn ọmọkùnrin tí wọn kò tíì pé 20 ọdún ní ń béèrè. Wọ́n ní àyà àwọn yọ bí ọyàn, irùngbọ̀n kò hù, ikùn tóbi, àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn sì ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, oògùn testosterone wo ni kí n rà?"

Ìdáhùn mi lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Kí ẹ tó béèrè oògùn testosterone, ẹ kọ́kọ́ lọ wo bí ẹ̀dọ̀ yín ṣe wà. Lára ọmọkùnrin tó sanra, testosterone tó lọ sílẹ̀ àti ọ̀rá tó kún ẹ̀dọ̀ sábà máa ń rìn pọ̀ ni. Ẹni tó bá ń lé ọ̀kan láìwo èkejì, òkùnkùn ló ń tàfà sí.

Kí ni ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀?

Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a bá jẹ, tó bá ti kúrò nínú ìfun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà kó tó dé ibòmíràn nínú ara. Ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, ó ń gba májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣe òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá oúnjẹ. Ọ̀rá díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ láìsí ewu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rá bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ju 5 nínú 100 lọ, ó ti di àìsàn nìyẹn lójú dókítà.

Nílẹ̀ wa, tí a bá ti gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ń ṣe ẹnì kan, ọtí ni ọkàn wa máa ń lọ sí, tàbí hepatitis B tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń sọ yìí lè mú ọmọ tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Lọ́dún 2023, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ẹ̀dọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè yí orúkọ rẹ̀ padà sí MASLD, kó lè hàn pé ọ̀nà tí ara ń gbà lo oúnjẹ ló dàrú.

Ìpele ìpele ló ń rìn. Ọ̀rá nìkan ló ń kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, lára àwọn kan, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú nínú. Tí ìwú yẹn bá pẹ́, àpá á máa gba ibi tí ẹran ẹ̀dọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Tí àpá bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á le, kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dé ìpele tó kẹ́yìn, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 14, ọdún tó pọ̀ ló ní níwájú tí àpá lè fi ṣiṣẹ́.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í dunni. Ọmọ á máa lọ síléèwé, á máa gbá géèmù lórí fóònù, á máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀dọ̀ á sì máa kún.

Ṣé ọmọdé náà lè ní in?

Ó lè ní in. Ní agbègbè San Diego, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí yẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ 742 wò, láti ọmọ ọdún 2 dé 19, tí dókítà ìjọba ti ṣe àyẹ̀wò òkú wọn láàárín 1993 sí 2003. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 19, nǹkan bíi 17 nínú 100 ló ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀. Nínú àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ó tó 38 nínú 100. Ìwádìí mìíràn ní oríṣiríṣi ilẹ̀ sì ti fi hàn pé ọmọkùnrin ló ń ní in ju ọmọbìnrin lọ.

Nínú ìwádìí San Diego yẹn, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló kéré jù: 1.5 péré nínú 100. Àbùdá tí a bí mọ́ wa wà lára ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sùn o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ka iye yẹn, oúnjẹ wa sì ti yí padà láti ìgbà náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 2022, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù lágbàáyé ti lé ní mílíọ̀nù 160. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà iléèwé èyíkéyìí ládùúgbò wa tí agogo bá lù: mínírà, bisikíìtì, búrẹ́dì, Indomie. Nígbà tí àwọn òbí wa wà ní kékeré, ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń mu mínírà. Ojoojúmọ́ ni ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Báwo ni testosterone ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Testosterone ni hòmóònù tó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin. Òun ló ń mú kí ohùn ki, kí irun hù, kí iṣan yọ, kí egungun le. Ọpọlọ á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ sí kórópọ̀n, kórópọ̀n á sì pèsè testosterone. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù lára, ohun mẹ́ta ló ń dí ètò yìí lọ́wọ́.

Èkíní, ọ̀rá kì í jókòó lásán. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aromatase. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ testosterone di estrogen, hòmóònù tó pọ̀ lára obìnrin. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyípadà yìí ń pọ̀ sí i. Ó wà lára ohun tó ń mú kí àyà ọmọkùnrin yọ.

Èkejì, ara tó ní ọ̀rá jù kì í gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu bó ṣe yẹ. Ara á wá máa tú insulin jáde púpọ̀púpọ̀. Insulin tó pọ̀ yìí, pẹ̀lú ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀dọ̀, ń dín ohun kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, èyí tí wọ́n ń pè ní SHBG. SHBG ni ọkọ̀ tó ń gbé testosterone kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wò ó bíi Micra ní Ìwó Road. Tí Micra bá dínkù lójú títì, èrò tí ẹ máa kà nínú ọkọ̀ á dínkù, kódà bí èrò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí iye testosterone tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò ọmọ tó sanra fi lè kéré ju bí nǹkan ṣe burú tó lọ. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń ro èyí mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, ìròyìn tí ọ̀rá àti estrogen ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ máa ń mú kí ọpọlọ dẹwọ́. Iṣẹ́ tó ń rán sí kórópọ̀n á dínkù.

Lọ́dún 2012, àwọn oníwádìí ní University at Buffalo, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin 25 tó sanra jù àti 25 tí kò sanra jọ, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14 sí 20. Testosterone àwọn tó sanra fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn yòókù. Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe arúgbó, kò sì sí àìsàn mìíràn lára wọn tí a lè dì í rù.

Ṣé testosterone tó kéré náà lè kó ọ̀rá sí ẹ̀dọ̀?

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Testosterone ń bá ara kọ́ iṣan, iṣan ló sì ń gba ọ̀pọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò. Tí testosterone bá lọ sílẹ̀, iṣan á dínkù, ọ̀rá inú ikùn á pọ̀ sí i, ọ̀rá yẹn á sì máa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀.

Ẹ wo àwọn bàbá tó ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní prostate. Ara ìtọ́jú wọn ni pé wọ́n á fi oògùn dá testosterone dúró. Àwọn oníwádìí ti rí i pé ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ń pọ̀ láàárín àwọn bàbá tó gba ìtọ́jú yìí ju àwọn tí kò gbà á lọ. Wọ́n tún ti rí i lára eku: akọ eku tí wọ́n yọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ gbọ́ ohùn testosterone kúrò lára rẹ̀, ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un ní oúnjẹ ọlọ́ràá.

Ọ̀rá ń ti testosterone ṣubú, testosterone tó ṣubú ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rá. Ìgbà ìbàlágà sì ni gbogbo ara ń le sí insulin díẹ̀, ní ti gbogbo ọmọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdún yìí fi jẹ́ ibi tó yẹ ká ti dá a dúró.

Kí ni kí a máa wò?

Ẹ wo ọrùn ọmọ yín lẹ́yìn. Tí ó bá dúdú, tó nípọn bí aṣọ àrán, tí abíyá náà sì dà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo mọ ìyá kan tó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ọrùn ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ títí tó fi bó. Ara tí kò gbọ́ràn sí insulin mọ́ ló sábà ń fa dúdú yẹn. Ọṣẹ kò lè wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ẹ wo ikùn. Tó bá ń yọ síwájú ju bó ṣe yẹ, ẹ ronú nípa ẹ̀dọ̀.

Ní ti àyà tó yọ, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ó tó ìdajì àwọn ọmọkùnrin, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà wọn máa ń wú díẹ̀ nígbà ìbàlágà, ó sì sábà ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Irùngbọ̀n tó pẹ́ kó tó hù náà lè jẹ́ ti ìdílé. Ẹ bi bàbá ọmọ náà léèrè ìgbà tí tirẹ̀ hù.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ ká fi falẹ̀. Tí ọmọkùnrin bá pé ọdún 14 tí kórópọ̀n rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bákan náà ni ọmọ tó ga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí kórópọ̀n rẹ̀ kéré tó sì le: ó lè jẹ́ Klinefelter, àbùdá tí wọ́n fi orúkọ dókítà tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1942 pè. Ọmọkùnrin tó ní in gba X kan lé nínú àbùdá rẹ̀, nǹkan bí ọ̀kan nínú 600 ló sì ń ní in. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ títí wọ́n á fi máa wá ọmọ bí. Testosterone wọn sábà máa ń kéré, ọ̀rá inú ikùn wọn sì máa ń pọ̀. Ẹlòmíràn kò lè gbóòórùn láti kékeré, ìbàlágà rẹ̀ kò sì dé. Ìyẹn náà ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú. Fún irú àwọn ọmọ báyìí, dókítà lè fún wọn ní testosterone, yóò sì máa ṣọ́ wọn.

Àyẹ̀wò wo ni ká ṣe?

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà, LFT, ni kí ẹ béèrè. Nínú rẹ̀, ALT ni kí ẹ wò. Ìlànà tí àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Canada gbé jáde lọ́dún 2017 sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọmọ tó sanra jù wò láti ọdún 9 sí 11, pé ALT ọmọkùnrin kò yẹ kó ju 26 lọ. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ló ń lo 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ti àgbàlagbà ni wọ́n ń wò. Tí ìwé bá sọ pé kò sí nǹkan, tí ALT ọmọ sì jẹ́ 36, ẹ fi han dókítà. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ hepatitis B àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà. Dókítà lè fi scan ikùn kún un.

Tí ẹ bá máa yẹ testosterone wò, àárọ̀ ni, kó tó di aago 10, torí àárọ̀ ló ń pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Tó bá kéré, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Tí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀, wọ́n á kọ̀wé yín lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní UCH, tó wà n'Ìbàdàn wa níbí láti ọdún 1957.

Ohun tí kí ẹ má rà

Ẹ má ra abẹ́rẹ́ tàbí oògùn oníhóró testosterone lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí testosterone bá ti ìta wọlé, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, á dákẹ́. Kórópọ̀n á ṣíwọ́ iṣẹ́, àtọ̀ tó lè di ọmọ á dínkù. Fún ọmọ tó ṣì ń ga, egungun lè parí ìdàgbàsókè rẹ̀ ṣáájú àkókò, á sì kúrú. Àwọn kan nínú oògùn oníhóró tí àwọn tó ń kọ́ iṣan ń lò tún máa ń ba ẹ̀dọ̀ gan-an jẹ́.

Àwọn tó ń lo dexamethasone láti fi sanra náà, ẹ gbọ́. Oògùn yẹn ń kó ọ̀rá sí ẹ̀dọ̀, ó sì ń ti testosterone sílẹ̀. Àgbo àti bítà tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, tó sì ń mú okun wá, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọtí sì wà nínú òmíràn. Ẹ̀dọ̀ tó ń rùn kọ́ ló yẹ ká di ẹrù tí a kò mọ̀ lé lórí.

Kí ló ń ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwádìí kan tó dùn mọ́ mi. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Ọmọkùnrin 40 ni wọ́n lò, ọmọ ọdún 11 sí 16, gbogbo wọn ló ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n mú ṣúgà tí a ń bù sínú oúnjẹ àti èyí tó wà nínú omi èso kúrò nínú oúnjẹ ìdajì wọn, pẹ̀lú ti ìdílé wọn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn yòókù ń jẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn tó fi ṣúgà sílẹ̀ bọ́ láti 25 sí 17 nínú 100. Ti àwọn yòókù kàn kúrò ní 21 sí 20. Ọ̀sẹ̀ 8 péré!

Kí ló dé tó jẹ́ ṣúgà? Ìdajì ṣúgà tí a ń rà jẹ́ fructose, ẹ̀dọ̀ ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dọ̀ á sọ apá kan rẹ̀ di ọ̀rá. Ẹ yí ìgò mínírà yín padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50cl ti gbé gíráàmù 50, ìyẹn ṣíbí tíì 12 àti ààbọ̀. WHO sọ pé ó dára kí àgbàlagbà má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́. Ìgò kan, oúnjẹ ọjọ́ méjì! Ìjọba àpapọ̀ ti fi owó orí ₦10 lé lítà kan mínírà nínú òfin ìṣúná 2021, ṣùgbọ́n ₦5 ni ìyẹn jẹ́ lórí 50cl, kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfi kí a dá ara wa dúró.

Ẹ mu omi. Ẹ jẹ ọsàn àti ìbẹ́pẹ ní jíjẹ, ẹ má fún un di omi. Àmàlà kì í ṣe ọ̀tá, òkè àmàlà ni ọ̀tá. Ẹ dín in kù, kí ẹ jẹ́ kí ewédú, gbègìrì àti ẹja pọ̀. Ẹ rìn láti Adégbayì dé Alákìá dípò ọ̀kadà, ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Eré ìdárayá ń dín ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kù kódà kí ìwọ̀n ara tó yí padà.

Kí ẹ sì sùn. Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù di aago méjì òru. Ojú oorun ni testosterone ti ń gbéra. Ní Chicago, lọ́dún 2011, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó sun wákàtí 5 lóru fún ọ̀sẹ̀ kan pàdánù 10 sí 15 nínú 100 testosterone wọn lójú ọ̀sán.

Nígbà tí ọ̀rá bá dínkù, testosterone ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin máa ń gbéra padà fúnra rẹ̀, láìsí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yín kù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe ọmọ ní ọ̀rọ̀bọ̀. Ẹ yé tẹ ọ ní àyà kí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ojú ń tì kò ní bọ́ra sílẹ̀ fún dókítà, kò ní bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, inú yàrá ló máa jókòó sí pẹ̀lú mínírà àti fóònù. Òun náà ló sì máa dá lọ ra oògùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ìwádìí tí mo sọ yẹn, gbogbo ilé ló yí oúnjẹ padà. Ẹ kò lè ní kí ọmọ fi mínírà sílẹ̀ kí katọ́ọ̀nù rẹ̀ wà nínú fíríìjì bàbá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀dọ̀ tó ní ọ̀rá nìkan ṣì lè padà bọ̀ sípò, ẹ má jẹ́ kó di àpá.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ kò ní láti dárúkọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.